Ojú Bàbá Ló Kù

Nígbà tí Bàbá, ìyẹn bàbá bàbá mi, papò dà, tí mọ̀lẹ́bí jókòó sí pálọ̀ ní Òkè-Ọ̀pin láti pín iṣẹ́ ìsìnkú, wọ́n ní kí bàbá mi lọ rí àlùfáà, wọ́n ní kí Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò bàbá mi, bójú tó oúnjẹ. Ó wá ku èmi. Wọ́n kọ́kọ́ wojú ara wọn ná, kí wọ́n tó sọ pé kí èmi, Bùkọ́lá, lọ parí àwòrán Bàbá. Mo rí wíwò yẹn, mi ò sì lè bínú sí i. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ilé wa pé èmi kì í parí nǹkan. Súẹ́tà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun láti yunifásítì, apá kan ló ní dòní. Mo ti kọ́ kíbọ́ọ̀dù, mo ti kọ́ Faransé, mo ti gbin tòmátì sínú ike lẹ́yìn yàrá mi ní Ìlọrin. Tòmátì yẹn nìkan ló parí nínú gbogbo wọn, torí pé ó gbẹ.

Dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ń pe irú àwòrán tí mò ń wí yìí, àmọ́ kí olè má baà tìtorí ẹ̀ wá sílé wa, ike ni o. Wọ́n á tẹ àwòrán sára aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù, wọ́n á pín in sí ojú wínníwínní bí ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé, ojú kọ̀ọ̀kan á sì ní àmì tirẹ̀. Òkúta ike wẹ́wẹ́ á wà nínú ọ̀rá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tó bá a mu. Ìwọ á wá máa fi kálámù tó ní ìda lẹ́nu ṣa òkúta, wàá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwòrán á fi jáde.

Àwòrán ara wọn ni Bàbá ń tò kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọ́n ti to agbádá, wọ́n ti to fìlà, wọ́n ti to àga tí wọ́n jókòó lé. Ojú nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Àǹtí Dúpẹ́ ní ká fi í sílẹ̀, pé fọ́tò kún ilé. Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, ló gbórí sókè.

"Fọ́tò, ẹlòmíì ló yà á. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni mo fẹ́ rí níwájú pósí wọn. Bí kò bá sì lójú, ẹ má gbé e jáde rárá."

Bí ojú Bàbá ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí súẹ́tà rẹ̀ ní apá kan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Bàbá kì í ra nǹkan kí wọ́n má dán an wò dé góńgó. Mo tẹ̀ lé wọn lọ ra fìlà rí lọ́jà Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ojú sì tì mí débi pé mo lọ dúró sọ́dọ̀ oníṣu bíi pé mi ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n dé fìlà náà, wọ́n mi orí, wọ́n tẹrí ba bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, wọ́n wá jáde kúrò níbi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n rìn dé títì, wọ́n rìn padà. Ẹni tó ń tà á ti ń wo ẹ̀yìn wọn bóyá wọ́n fẹ́ sá lọ. Nígbà tó ní, "Bàbá, ó kúkú bá yín mu," wọ́n rẹ́rìn-ín, pélé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn mẹ́ta-mẹ́ta sì tẹ̀ kọrọdọ bó ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. "Fìlà tó bá máa já bọ́ níwájú Ọlọ́run," wọ́n ní, "kó yáa já bọ́ níwájú rẹ báyìí."

Bí wọ́n ṣe ra ọkọ́ náà nìyẹn, bí wọ́n ṣe ra rédíò náà nìyẹn. Wọ́n máa ń fi ṣe fáàrí pé bí àwọn ṣe yan ìyàwó náà nìyẹn, pé ó pẹ́ tí àwọn fi ń wo Ìyá Àgbà lọ́nà odò kí àwọn tó lanu. Ìyá Àgbà á máa ṣa ẹ̀wà wọn lọ, wọn ò ní gbójú sókè. "Wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ló ń yan nǹkan."

Èmi ẹ̀wẹ̀, orí fóònù ni mo ti ń ra nǹkan. Bó bá ti dán lójú fóònù, ó ti tó mi. Mo ní bàtà kan tí kò wọ̀ mí lẹ́sẹ̀ rí. Mo ní àga tó jẹ́ pé ọmọlangidi nìkan ló lè jókòó lé e, torí mi ò ka bí wọ́n ṣe ní ó tóbi tó. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ló wà lára mi lóòótọ́, àmọ́ mo rò pé ojú ni ẹ̀jẹ̀ náà ò dé.

Ọ̀kadà ló gbé Bàbá ṣubú lọ́nà Koro, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún ṣèṣe. Egungun jinná, ìka ò rọ̀ mọ́. Wọn ò lè di ọkọ́ mú, wọn ò lè ṣí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dọ́kítà ní kí wọ́n máa fi ìka ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ kó má baà gan pa. Ìyá Àgbà bá gbé ẹ̀gúsí síwájú wọn pé kí wọ́n máa bó o. Ìjà ló dà. Bàbá ní àwọn ò bí ẹ̀gúsí, ẹ̀gúsí ò bí àwọn. Wọ́n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń bá adìyẹ jà, wọ́n ń bá rédíò jà. Bí mo bá pè wọ́n láti Ìlọrin, ohùn wọn ń kéré sí i lójoojúmọ́, ó sì ń dùn mí.

Ìgbà yẹn ni mo rí dáyámọ́ǹdì lórí fóònù. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á bi ara rẹ̀ pé ta ló máa ṣe é, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí, báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí, ibo ló máa tẹ́ ẹ sí. Èmi yan èyí tó tóbi jù. Abúlé àwọn òyìnbó ni, nínú yìnyín, tòun ti ààfin, adágún odò, ẹṣin àti òṣùpá.

Nígbà tó dé, tí a tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ṣẹ́ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí aṣọ ìbùsùn. Òkúta rẹ̀ rí roboto, ó kéré ju ọmọ tábà lọ. A ṣí ọ̀rá kan báyìí, ó yí lọ sábẹ́ àga, adìyẹ ló jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Yìnyín nìkan, oríṣiríṣi funfun ló ní: funfun bí òwú, funfun bí ẹ̀kọ, funfun bí eérú, àti òmíràn tí mo gbà pé wọ́n kàn fi kún un láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kálámù rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ọwọ́ Bàbá ò lè dì í mú.

Wọ́n wo àwòrán náà títí. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́," oríkì tí wọ́n ń fi pè mí nìyẹn, "ṣé o ti gbé ibẹ̀ rí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé èmi ti gbé ibẹ̀ rí?"

"Rárá, sà."

"Ta wá ló mọ ọ̀nà nínú wa?"

Mo rò pé wọ́n á ká a, wọ́n á fi bo iṣu ni. Ohun tí wọ́n ṣe dípò rẹ̀ ni mo máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ nǹkan kan ṣoṣo nípa Bàbá. Wọ́n pe ọ̀wẹ̀. Ẹ mọ ọ̀wẹ̀: bí oko bá pọ̀ jù fún àgbẹ̀, á pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á bá a ro ó, òun á fún wọn lóúnjẹ. Bàbá pe gbogbo àgbààgbà tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lọ sóko mọ́. Bàbá Jòsáyà, ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, wá láti Ìlọfà. Ìyá Àgbà gún iyán. Bàbá fa ìlà sórí abúlé òyìnbó bí ẹni ń pín oko, wọ́n fún oníkálukú ní poro tirẹ̀. Àwọn bàbá ṣí fìlà, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ, ó di eré ìje.

Èmi ń sáré yípo tábìlì, mò ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo àmì." Ta ló ń wo àmì? Bàbá Jòsáyà ló kọ́kọ́ parí, torí wọ́n ní funfun kì í ju funfun lọ, wọ́n da gbogbo ọ̀rá yìnyín pọ̀ sínú abọ́ kan. Ẹnì kan nínú wọn fi òkúta ewéko to adágún odò; ó ní òun ò tíì mu omi búlúù rí láyé òun. Búráùn tán lórí ẹṣin, wọ́n bá fi pupa parí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú. Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé Bàbá ṣubú, mi ò rí ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀.

Àwòrán náà wà ní pálọ̀ títí dòní. Bí ẹ bá wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rò pé abúlé kan ni nígbà ọyẹ́, tí iná ṣẹ́ yọ níbì kan nínú rẹ̀. Mo bi Bàbá bóyá kò dùn wọ́n pé a ti bà á jẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ò mọ ohun tí mò ń sọ. "Oko tó bá ju ọwọ́ rẹ lọ, má sá fún un," wọ́n ní. "Pe ọwọ́ kún un."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé fóònù wá, àwọn fẹ́ yan tàwọn. Ìjókòó yẹn le ju ìdánwò lọ. Wọ́n gbé tíréè tí Ìyá Àgbà fi ń ṣa ẹ̀wà kalẹ̀, wọ́n ní èyí tí àwọn máa rà ò gbọdọ̀ tóbi jù ú lọ, kí àwọn lè gbé e kúrò bí ìyàwó àwọn bá fẹ́ lo tábìlì. Wọ́n ní òkúta rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, kó lè dúró síbi tí a fi í sí, kó má sì kéré. Wọ́n ní kí àwọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ojú àgbàlagbà sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Ó wá ku àwòrán. Mo fi kìnnìún hàn wọ́n, wọ́n ní àwọn ò bá kìnnìún da nǹkan pọ̀ rí. Mo fi òdòdó inú ìgò hàn wọ́n, wọ́n ní èyí tí wọ́n ti já ti kú. Mo fi ọmọ òyìnbó tó ń sunkún hàn wọ́n, wọ́n bi mí pé kí ló ń ṣe é, mi ò sì mọ̀. Àkùkọ ni wọ́n mú níkẹyìn. "Eléyìí, mo mọ ibi tí ìyẹ́ rẹ̀ ń lọ."

Wọ́n wé rọ́bà kẹ̀kẹ́ mọ́ kálámù náà títí ó fi nípọn tó ọwọ́ ọkọ́, wọ́n jókòó ti fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, wọ́n to àkùkọ náà láti ìrù dé ogbe láìṣi àmì kan. Ìka wọn ń rọ̀ bí àkùkọ ṣe ń yọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àgbà pè mí lórí fóònù, wọn ò sọ ju pé, "Wọ́n ṣí i," mo sì sunkún nínú ọ́fíìsì. Kò túmọ̀ sí pé wọn ò jà mọ́. Òkúta pupa kan bọ́ sínú ọbẹ̀, Ìyá Àgbà jẹ ẹ́ mọ́ ẹran. "Bí mo bá kú, ẹ yẹ inú mi wò. Ẹ ó bá àkùkọ níbẹ̀, á máa kọ."

Èmi náà ti ra tèmi nígbà náà, ilé gogoro kan tó wà ní ìlú òyìnbó. Ẹ kò ní bi mí bóyá ó tóbi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Bí Bàbá bá pè, wọ́n á ní, "Ilé gogoro yẹn ńkọ́?" Màá ní ó ń lọ, sà. "Ó ń lọ síbo?" Síbẹ̀, bí àwọn obìnrin ọ́fíìsì wa bá fẹ́ ra dáyámọ́ǹdì, èmi ni wọ́n ń bi. Màá jókòó dáadáa, màá bi wọ́n bí tíréè wọn ṣe tóbi tó, ibo ni fèrèsé wọn wà, ṣé wọ́n mọ ibi tí ìyẹ́ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní mo ní òye. Mi ò tíì sọ fún wọn pé àgbàlagbà kan ní Òkè-Ọ̀pin ló ni ín.

Ibi tí mo ti wá gbọ́n jù ni ọ̀ràn àwòrán Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ pé bí èèyàn bá fi fọ́tò ránṣẹ́, àwọn tó ń ṣe é lè sọ ọ́ di dáyámọ́ǹdì. Mo mú fọ́tò tí Bàbá yà lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, tí wọ́n wọ agbádá. Mo kọ́kọ́ fi fóònù tún ojú wọn ṣe bí mo ṣe máa ń tún tèmi ṣe, kó lè dán, kó lè mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo wò ó, mo yin ara mi, mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí mo tẹ́ aṣọ náà níwájú wọn, Àǹtí Dúpẹ́ gbọ́wọ́ lé orí. "Bùkọ́lá, ṣé o fẹ́ pa bàbá mi ni? Ìwé ìkéde òkú lèyí." Nígbà tí mo tún un wò, òótọ́ ni. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú nìkan ló kù kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n Bàbá ò bínú. Wọ́n gbé e lọ síbi fèrèsé, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta nìyí?" wọ́n ní.

A bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

"Hẹ̀ẹ́n."

Wọ́n ṣe é, ṣebí ọmọ ọmọ wọn ló rà á. Wọ́n to gbogbo ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo padà wálé, mo bá ojú níbẹ̀ lófìfo, tòun ti àmì, tí ọ̀rá tí wọ́n fi bo gọ́ọ̀mù ṣì wà lórí rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè. "Agbádá mi nìyí, mo mọ̀ ọ́n. Fìlà mi nìyí. Ọkùnrin tó wọ̀ wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ tò ó." Àǹtí Dúpẹ́ ní ẹ̀rù ikú ló ń ba bàbá àwọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ tún ń ṣe bí olùkọ́, mò ń ṣàlàyé fáwọn ẹbí nípa bí àwọn àgbà ṣe máa ń rí bí ọjọ́ wọn bá ń sún mọ́lé. Bàbá jókòó níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn gbé wọn dè, wọn ò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n pín iṣẹ́ ìsìnkú tán, mo gbé àwòrán náà lọ sí Ìlọrin kí n lè parí ẹ̀. Bí mo bá ti jókòó tì í, omi á bo ojú mi, mi ò ní rí àmì. Èyí dára láti sọ. Òótọ́ tó kù ni pé mo tún máa ń gbé fóònù. Nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, àgbọ̀n Bàbá nìkan ni mo rí tò gbé dé Òkè-Ọ̀pin. Àǹtí Dúpẹ́ ṣí aṣọ tí mo fi wé e, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wé. "Mo mọ̀," wọ́n ní, wọ́n sì padà sídìí ìkòkò. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá wá kí Ìyá Àgbà kú ara fẹ́ra kù. Bàbá Jòsáyà tilẹ̀ ti wá láti àárọ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ àwòrán abúlé òyìnbó náà. Mo gbé tábìlì síwájú wọn. Mo tẹ́ Bàbá sí i. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, oko yìí ju ọwọ́ mi lọ. Mo pe ọ̀wẹ̀."

Bàbá Jòsáyà ló ṣí fìlà. "Iyán ńkọ́?" wọ́n ní. Àǹtí Dúpẹ́ dáhùn láti ẹ̀yìn ilé pé iyán wà. Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ. Mo pín iwájú orí fún ẹnì kan, mo pín imú, mo pín ẹ̀rẹ̀kẹ́, Bàbá Jòsáyà ní ojú méjèèjì ni tàwọn. Kò sẹ́ni tó sáré lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ń wo àmì. Ẹni tó fi ewéko to odò níjọ́sí gbé òkúta kan wá sọ́dọ̀ mi, ó bi mí bóyá àwọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Kí oòrùn tó wọ̀, a parí.

A gbé e ró. Ọkùnrin tó rẹwà ni, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó fẹ́ díje fún ipò, ó wọ agbádá Bàbá, ó dé fìlà Bàbá. Nǹkan kan ò tọ̀nà, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́. Ìyá Àgbà jáde láti yàrá. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta nìyí?" wọ́n ní.

Ohun tí Bàbá sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Àgbà rìn wá sídìí tábìlì, wọ́n fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà. "Pélé wọn dà?"

Fóònù mi ti nu ún nù lọ́jọ́ tí mo fi tún ojú wọn ṣe. Mo rò pé àpá ni fóònù ń bá mi yọ, mo sì ti yin ara mi. Ẹni tó ń to ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹsẹ̀ dé ọrùn gòkè, ó dé ojú, kò bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ikú ló ń ba Bàbá lẹ́rù. Wọ́n bi mí ta nìyí, mo bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Jòsáyà ní àwọn rò pé bóyá ojú àwọn ló ti ń bà jẹ́. Ìyá Àgbà fa àga sún mọ́ tábìlì. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n gbé kálámù onírọ́bà yẹn wá, àti òkúta dúdú tó ṣẹ́ kù lára fìlà. Wọ́n fi èékánná ṣí òkúta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ dúdú mọ́ ọn. Wọn ò wo àmì kankan, àmì kankan ò sì sí níbẹ̀ fún un. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹyìn, ó wọ́ sápá kan. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn ṣe, ó wọ́."

"Fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Bí olóólà ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

A tún gbé e ró. Bàbá Jòsáyà dojú bolẹ̀, èjìká wọn ń mì. Bàbá mi wọlé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," kí wọ́n tó rántí pé àwòrán ni.

Ìyá Àgbà nu ọwọ́ wọn sí ìró. "Ẹ lè gbé wọn lọ síwájú pósí wàyí," wọ́n ní. "Èyí ni mo yàn."